Ẹsẹ Tó Kù Nínú Orin Verlon Sizemore

Bí Verlon Sizemore bá ti gbé àwo orin ẹ̀mí jáde, ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn ará Laurel Branch, lórí òkè Kẹ́ńtọ́kì, máa ń bi ara wọn: kí ló tún ṣe? Ọdún tó mutí yó ní Knoxville, tó wa mọ́tò wọ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, òtútù ò tíì mú tí àwo fi dé. Àwòrán ẹ̀ wà lára páálí, ó wọ kóòtù funfun, ó gbójú sókè bí ẹni tó ń wá áńgẹ́lì kiri. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kejì kó ẹrù ẹ̀ síta, òmíràn tún dé. Wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ kan, àwo kan, Verlon kì í jẹ Ọlọ́run ní gbèsè.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ohùn ń bẹ lọ́fun ọkùnrin náà. Ọmọ awakùsà èédú ni, gìtá ló gbé kúrò nílé, ó sì kọrin ọtí àti orin obìnrin aláìṣòótọ́ káàkiri títí dé Texas. Rédíò gbé e, orí ẹ̀ wú. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, síbẹ̀ ó ṣì ń pa irun láró, ó ṣì ń wọ bàtà oníṣẹ́-ọnà tó ga dé ojúgun, bàtà tí ò jẹ́ kó lè gun òkè ilé bàbá ẹ̀ láìdúró mí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Lóṣù karùn-ún, tí wọ́n bá ń tún ibojì ṣe, ọmọ òkú ló máa ń pe orin fún òkú rẹ̀. Ìjọ wọn ò fẹ́ gìtá, wọn ò fẹ́ àtẹ́wọ́. Ẹnì kan á pe ìlà kan, gbogbo ìjọ á fà á tẹ̀lé e. Oleta, ẹ̀gbọ́n Verlon, ló ń pe ti ìyá wọn láti ọjọ́ yìí wá. Verlon bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orin ìyá wọn náà gan-an ló wà nínú àwo orin ẹ̀mí ẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú fáolìn àti obìnrin mẹ́rin tó ń gbè é! Ó fún Oleta ní ọ̀kan. Oleta ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ rí, Verlon sì gbà pé kò tú u wò.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, àyà Oleta kò dá mọ́, èémí ẹ̀ kúrú. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ pé kó wá pe orin Màmá, kó fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò. Inú Verlon dùn ju ìgbà tí àwọn tó ń gbé àwo jáde ní Nashville kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é lọ.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n jẹ adìẹ díndín, wọ́n jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lábẹ́ igi létí ibojì. Alàgbà Hobart, tó ń darí ìsìn, wá mi orí sí i pé ó yá. Verlon ṣí fìlà, ó pe orin. Ó ń fi ohùn dárà díẹ̀, àwọn àgbà ń wo ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń fà á tẹ̀lé e. Ní ẹsẹ kẹta, arìnrìn-àjò inú orin ki ẹsẹ̀ bọ odò, omi tutù. Verlon rọ ohùn sílẹ̀, ó tẹríba, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ń retí àtẹ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó jókòó. Gbogbo wọn ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń retí ìlà tó kàn. Verlon rò pé orin ló wọ̀ wọ́n lára. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," ó ní.

Àwo ló fà á. Ibẹ̀ làwọn tó ń gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ti máa ń nawọ́ pé ó tó, kó má gùn jù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ fún ogójì ọdún, ẹsẹ tó kù sì ti fò kúrò lọ́kàn ẹ̀.

Oleta, tí àìsàn ò jẹ́ kó dìde, gbójú sókè láti orí àga. "Verlon, ṣé inú omi lo máa fi Màmá sílẹ̀ sí ni?"

Àwọn èèyàn fi fìlà bojú rẹ́rìn-ín. Verlon náà rín in, ó wá ìlà tó kàn nínú orí ẹ̀ títí, kò rí i. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tòun ti bàtà ọ̀hún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."

"Mo mọ̀," Oleta dáhùn. "Mo máa ń gbọ́ àwo ẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi sí i, ibẹ̀ náà lẹ máa ń já Màmá jù sílẹ̀, ìwọ àti gìtá ẹ. Èmi ni mo máa ń parí ẹ̀ fún un ní kíṣìnnì."

Ló bá di ọwọ́ àbúrò ẹ̀ mú, ó sì pe ìlà tó kàn: "Ọwọ́ kan nà sí mi láti òdìkejì." Èémí ẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ìjọ gbà á. Verlon ń gbà á pẹ̀lú wọn, kò fi dárà kankan. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní kí arìnrìn-àjò wọlé, kó gbé ẹrù ẹ̀ kalẹ̀, Verlon ò rí i kọ. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ tún un pè, òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Irọ́ ni, ó gbọ́ ọ. Oleta tún un pè.