Jàáfárù Olóbì àti Ohùn Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Jàáfárù ń ta obì ní Làmísúlà. Gbànja ni, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní goro. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti gbé e wá sí Màídúgùrì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Bàbá náà ta obì títí ó fi kú, Jàáfárù sì jókòó sí àyè rẹ̀. Èmi ń ránṣọ ní ọ̀kánkán rẹ̀, títì kékeré kan ló wà láàárín wa. Ó ti tó ogójì ọdún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá kọ ọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Obì kì í ṣe ọjà téèyàn ń gbé kalẹ̀ kó máa wò. Inú apẹ̀rẹ̀ ló ń wà, ewé tútù á yí i ká. Bí ooru ilẹ̀ yìí bá mú un, á rọ. Bí omi bá pọ̀ jù, á jẹrà. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n á tú àwọn apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ ewé, wọ́n á sì tún un tò. Lílóṣòó ni wọ́n ń lóṣòó ṣe é. Bàbá Jàáfárù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti obì. Ó ní ẹni tó bá jókòó á tòògbé, kò sì ní rí kòkòrò. Jàáfárù gba èyí bíi pé inú Kùránì ló ti kà á.

Kúbúrátù ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìyẹn kú, ọmọ wọn Zulaihat gbà á. Òun nìkan ló kù nílé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì wà ní Kánò. Ibí ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, omi ya wọ ìlú. Lẹ́yìn ìrun àsùbá ló dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ó wà ní kókósẹ̀, kò pẹ́ ó ti dé ìdí. Jàáfárù ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ́jọ́ náà. Zulaihat pọ̀n ọ́n. Mo rí wọn níbi tí mo dúró sí lórí fẹ́ǹsì. Bàbá di ọrùn ọmọ mú, ó ń ké pé obì òun, obì òun. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wọ inú gọ́tà tí omi ti bò, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ fi tagbáratagbára lu sìmẹ́ǹtì. Ó dìde. Kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Jàáfárù béèrè pé, “Kí ló dé?”

“Ba komai, Baba,” ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan. “Mo kọsẹ̀ ni.”

A sùn sí ibùdó Dálòrí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí a padà, obì ti lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti kún fún ẹrẹ̀. Àwọn ará ilé fi apẹ̀rẹ̀ méjì ránṣẹ́ sí Jàáfárù láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni Zulaihat ti ń jókòó ti obì. Á gbé apẹ̀rẹ̀ ka orí bẹ́ǹṣì, á jókòó sórí àga onírọ́bà, á na ẹsẹ̀ kan síwájú. Inú Jàáfárù kò dùn sí i.

“Zulai, ìwọ àti àga yìí.”

“Haba, Baba. Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀.”

“Ìyá rẹ ò sinmi.”

Á tún máa ṣa obì rẹ̀ lọ. Èmi náà rí àga náà. Èmi náà rò pé ìrọ̀rùn àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e làwọn ọmọ rẹ̀ fi fóònù ńlá ránṣẹ́ sí i láti Kánò, wọ́n sì fi í sínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa lórí wásáàpù. Àwa tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún la wà níbẹ̀, àwọn tó wà lókè Ọya, àwọn tó wà nílé, àwọn kan ní òkè òkun. Torí ìbò tó ń bọ̀, ìjà ni lójoojúmọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwa àgbà la ba ìlú jẹ́. Àwọn àgbà ní àwọn ọ̀dọ́ ò lẹ́kọ̀ọ́, pé ìlú tí ọmọ ò ti bọ̀wọ̀ fún bàbá ò lè dára. Ọmọkùnrin kan, Ayọ̀midọ̀tun, tó ń kọ́ni ní yunifásítì níbí, ni olórí àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, mi ò sì mọ ìdajì rẹ̀.

Jàáfárù ò lè tẹ ọ̀rọ̀ kíákíá. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bú èèyàn kí ara ó yá. Ayọ̀midọ̀tun kọ ọ́ pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń dìbò láti ọjọ́ yìí, kí lẹ fi sílẹ̀ fún wa?” Jàáfárù dáhùn pé, “Iyọ̀ la fi sílẹ̀ fún ẹ, ìwọ lo dà á sómi. O ò tíì kí mi káàárọ̀, o ti ń béèrè gbèsè lọ́wọ́ mi.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi àwòrán àtàǹpàkò sí i. Láti ìgbà tí Kúbúrátù ti kú, kò sẹ́ni tó ń jókòó gbọ́ Jàáfárù bí kò ṣe èmi, èmi náà á sì máa tẹ ẹ̀rọ. Ní báyìí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ń gbọ́ ọ. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń dán.

Nígbà yìí, Zulaihat ti ní àfẹ́sọ́nà. Zainudeen lorúkọ rẹ̀, oníṣẹ́ iná mànàmáná ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí Zulaihat lọ sílé fún òkú ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n pàdé. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì, ó di ẹ̀yìn Iléyá. Níbí, obì ni wọ́n ń pín fún àdúgbò kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ti fi ọmọ fọ́kọ. Jàáfárù ti ṣa apẹ̀rẹ̀ kan sọ́tọ̀, pupa àti funfun, kò sí èyí tí kòkòrò fọwọ́ kàn nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tú u, lórí ìlóṣòó, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Alájì Mùhámmẹ́d, alága ẹgbẹ́ wa, yà sí ìsọ̀ rẹ̀. Zulaihat ń ṣa obì. Ó di bẹ́ǹṣì mú, ó dìde, ó tẹ orí ba, ó kí i. Kò kúnlẹ̀.

Alájì wò ó. “Jàáfárù, ṣé ilẹ̀ Màídúgùrì gbóná ni, tí orúnkún ò fi lè kàn án?”

Jàáfárù fi eyín rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan tó burú fún un tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń bú ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù, ọmọ tirẹ̀ dúró gbagidi níwájú alága.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ayọ̀midọ̀tun tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé, pé àìbọ̀wọ̀ táwọn àgbà ń pariwo kì í ṣe òótọ́, àròsọ ni. Jàáfárù gbé fóònù sẹ́nu. Mo ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi.

“Àròsọ kẹ̀? Ọmọ kan wà ní Làmísúlà níbí, ọmọ olóbì, ó ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Iléyá. Kò lè kúnlẹ̀ kí àgbà. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ lóṣòó ṣe títí ó fi kú, orí àga ló ti ń ṣe é, á na ẹsẹ̀ bí ìyàwó ọba. Mo káàánú ìyá ọkọ tó fẹ́ gba irú ìyẹn sílé. Irú wọn lẹ fẹ́ gbé ìlú lé lọ́wọ́?”

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Ó rò pé níwọ̀n ìgbà tí òun ò dárúkọ, kò sí wàhálà. Mo fi àtàǹpàkò sí i. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n má baà dá ẹjọ́ náà lé òun nìkan lórí.

Ọjọ́ kẹrin, mo lọ ra ẹran ní Kasuwan Shanu, ọjà màlúù. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń kó màlúù lọ sí Ìlọrin na ara sórí táyà, ó ń gbọ́ fóònù. Ohùn Jàáfárù ni. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Ó ní, “Ó ti kárí ayé, Bàbá. Olóbì kan ló ń sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ ìwòyí.”

Mi ò ra ẹran mọ́. Mo padà, mo bá Jàáfárù.

“Jàáfárù, olóbì Yorùbá mélòó ló wà ní Làmísúlà?”

“Èmi nìkan ni. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n?”

“Mélòó nínú wọn ló ní ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn Iléyá?”

Ó gbé fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ kiri, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́. Ohun tó wá ṣe ló dùn mí jù. Ó pe Zulaihat.

“Zulai, bá mi pa ohùn kan rẹ́ níbí. Ti Jímọ̀.”

“Èwo nínú wọn, Baba? Wọ́n pọ̀.”

“Èyí tó gùn. Má gbọ́ ọ. Pa á rẹ́ ni.”

Méjì ló gùn. Ó tẹ àkọ́kọ́ kó lè mọ̀ ọ́n. Òun ni. Jàáfárù na ọwọ́ sí fóònù, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ọmọ náà jókòó sórí àga rẹ̀, ó gbọ́ ọ tán. Àwa méjèèjì dúró níwájú rẹ̀ bí olè.

Ó ní, “Kò ṣe é pa rẹ́ mọ́, Baba. Ọjọ́ ti pọ̀. Ti inú fóònù yín nìkan ló máa lọ.”

“Zulai, o ò kúnlẹ̀ fún Alájì. Ojú tì mí ni.”

“Orúnkún mi ò ká mọ́.”

“Láti ìgbà wo?”

“Ọjọ́ omi. Dókítà ní kí wọ́n là á. Mo ní kí ọjà yín kọ́kọ́ dìde ná. Orí àga ni mo ti ń kírun.”

Ó fi fóònù lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó padà sídìí obì.

Ọjọ́ kejì ni ìyá Zainudeen pè. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sí ìyàwó ọmọ òun, ṣùgbọ́n tí ẹni tó bí i bá ti sọ pé òun káàánú ẹni tó máa gbà á, kí lòun fẹ́ tún gbọ́. Jàáfárù bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé orúnkún. Obìnrin náà ní, “Ọ̀rọ̀ wo ni kí n gbà nínú méjèèjì, Bàbá Zulai? Ẹnu yín kan náà ni.” Zainudeen pe Zulaihat lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà kò pè mọ́.

Jàáfárù gba ohùn mìíràn sílẹ̀. Èyí kò gùn. “Ọmọ mi ni. Èmi ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí orúnkún rẹ̀ bà jẹ́. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́, kó fi èyí náà ránṣẹ́.”

Ayọ̀midọ̀tun kọ ojú ìwé kan gbáko lórí rẹ̀, pé gbogbo ayé ti wá rí i pé irọ́ làwọn àgbà ń pa mọ́ ọ̀dọ́. Alájì ní àwọn ọ̀dọ́ ló fi tipátipá mú arúgbó tọrọ àforíjì. Wọ́n jà á fún ọjọ́ méjì. Mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan kò béèrè bí orúnkún náà ṣe ń ṣe. Ọjọ́ kẹta wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Títí dòní, ohùn àkọ́kọ́ ṣì ń rìn. Èkejì kò kúrò nínú ẹgbẹ́ wa.

Iléyá dé, ó kọjá. Jàáfárù kò tú apẹ̀rẹ̀ tó yà sọ́tọ̀ náà mọ́. Jímọ̀ márùn-ún kọjá. Òórùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ mi.

Ní Jímọ̀ kẹfà, Zulaihat wọ́ ọ jáde fúnra rẹ̀, ó ń tiro, ó gbé e ka bẹ́ǹṣì, ó tú u. Gbogbo àárín rẹ̀ ti jẹrà. Ó jókòó, ó ń ṣa èyí tó ṣì dára sí ẹ̀gbẹ́ kan. Jàáfárù wò ó. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé àga mìíràn wá, ó jókòó ti obì. Ogójì ọdún, mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Oníbàárà kan dé, Kanuri ni, ó fẹ́ goro. Zulaihat kí i láti orí àga. Ọkùnrin náà dá a lóhùn, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jàáfárù ti gbé orí sókè, ó ń sọ fún un ní Hausa pé orúnkún ọmọ òun ni, pé òun ni ọmọ náà pọ̀n nínú omi. Òmíràn dé, ó tún sọ ọ́ fún ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ báyìí, ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

“Baba, ya isa,” ni Zulaihat máa ń sọ láì gbójú sókè. Ó tó.

Kò gbọ́. Ó ń dúró de ẹni tó kàn.