Kòkòrò Tí Ń Pa Kòkòrò

Ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ni mo rí iṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kékeré kan n'Íkẹjà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tuntun. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa fọ ìgò, kí n máa fi omi gbígbóná sè wọ́n, kí n sì máa já ewé tútù fún àwọn kòkòrò ajẹwé tí a ń sìn sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Gbogbo ìwé tí o kà yìí, kòkòrò lo wá lọ ń bọ́ fún wọn?"

Ọ̀gá wa jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó tín-ín-rín, ó máa ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ẹ̀pà kì í sì í tán lápò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó pe gbogbo wa jọ.

"Nínú erùpẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń pa kòkòrò ajẹwé," ló wí. "Wọn kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan, wọn kì í ṣe ẹran ní nǹkan. Àwọn òyìnbó ti rí irú rẹ̀ nílẹ̀ wọn. Tiwa ni mo ń wá. Kí kálukú bu erùpẹ̀ wá láti àdúgbò rẹ̀."

Ẹnì kan bu tirẹ̀ wá láti Dopemu, òmíràn bu tirẹ̀ lábẹ́ igi obì l'Ágége. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo gbà lọ. Wọ́n ń gbin tẹ̀tẹ̀ sétí odò kan l'Ọ́gbà, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ewé jíjẹrà sí, mo ti rí àwọn kòkòrò tó kú sára ewé, tí wọ́n so dòòrò, dúdú, rọ̀jọ̀rọ̀jọ̀. Mo bu erùpẹ̀ abẹ́ wọn sínú agolo mílíìkì.

Ọ̀gá po erùpẹ̀ náà mọ́ omi, ó sì gbé e ka orí iná tí kò le. "Ooru yìí á pa àwọn aláìlágbára," ló wí fún mi. "Èyí tí a ń wá máa ń wọ inú èèpo líle, á sùn síbẹ̀ bí irúgbìn. Ooru ò rí i gbé ṣe." Ó wá fi díẹ̀ ra orí omi ẹran tí a ti sè tó dì bí ẹ̀kọ nínú àwo gíláàsì pẹlẹbẹ. Kò pẹ́ tí àwọn àmì funfun fi hù lórí rẹ̀, bí ẹ̀kán àbẹ́là.

Ó fi ọ̀kan sábẹ́ ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó wò ó. Nígbà tó yá ó dìde lórí àga. "Wá wò ó."

Irun ìpéǹpéjú mi nìkan ni mo kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀ tán ni mo rí wọn: wọ́n dà bí ìgbálẹ̀ tí a ṣẹ́ wẹ́wẹ́, ohun kan tó ń dán bí ẹyin wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nǹkan mìíràn tó nígun mẹ́rin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí àfọ́kù gíláàsì.

"Oníigun yẹn ni májèlé wọn," ni ọ̀gá wí. "Bí kòkòrò bá jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀."

Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Láti kékeré ni mo ti ń fẹsẹ̀ lásán tẹ erùpẹ̀ yẹn.

A fi í ra ewé, a sì fi ewé náà fún àwọn kòkòrò inú ìgò. Àwọn tó wà nínú ìgò kejì jẹ ewé lásán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré wọlé, mo sì bá gbogbo wọn láàyè. Inú mi bàjẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, kò ṣiṣẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Má wo kòkòrò. Ewé ni kí o wò."

Mo wò ó. Nínú ìgò kejì, egungun ewé nìkan ló kù. Nínú tiwa, ewé ṣì pé. Wọ́n ti ṣíwọ́ oúnjẹ. Kó tó di ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti dúdú, wọ́n so dòòrò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí wọn l'Ọ́gbà. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń bọ ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bu ẹ̀pà fún mi.

A po kòkòrò náà mọ́ omi, oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi la sì kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìyá náà dúró síwájú ebè wọn, wọn ò jẹ́ ká wọ́n ọn.

"Ẹ ní kòkòrò ló wà nínú omi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Kòkòrò tí ń pa kòkòrò," ni ọ̀gá dáhùn.

"Ẹni tó bá ra tẹ̀tẹ̀ mi ńkọ́? Ṣé òun náà ò ní kú?"

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sídìí ebè. Ó wọ́n omi náà sórí ewé kan, ó já a, ó sì jẹ ẹ́ ní tútù lójú wọn. Èmi náà já tèmi, mo jẹ ẹ́. Ó korò díẹ̀. Ìyá wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́.

"Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí, ọ̀dọ̀ yín ni ìyá rẹ̀ máa wá o," ni wọ́n wí, wọ́n sì yà fún wa.

A wọ́n ìdajì ebè, a fi ìdajì sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, òjò rọ̀, ó sì fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀gá ní kí n se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọn kó lè lẹ̀ mọ́ ewé. A padà wọ́n ọn. Àwọn kòkòrò tó ti dàgbà kò kú tán, àmọ́ àwọn kékeré kú lọ bẹẹrẹ. Lọ́jọ́ tí a padà débẹ̀, ìdajì kan fẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ìdajì kejì dà bí asẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fọwọ́ pa ewé náà. "Àlùhámúdùlílàhì," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. Wọ́n wá kọjú sí ọ̀gá. "Kí ló dé tí ẹ fi ìdajì yìí sílẹ̀ fún wọn láti jẹ?"

Ọ̀gá ní kí àwọn lè fi méjèèjì wéra ni.

"A ti fi wéra. Ẹ wọ́n ọn."

A wọ́n ọn.

Tiwa kò dé ọjà. Ìyẹ̀fun apakòkòrò pọ̀ nílé ìtajà nígbà náà, òun ni gbogbo ènìyàn sì ń rà, nítorí ojú ẹsẹ̀ ló ń pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọ̀gá wa máa bá iṣẹ́ náà lọ n'Íbàdàn, ó sì bẹ bàbá mi kí n lè tẹ̀ lé òun lọ kọ́ṣẹ́. Bàbá mi gbà.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin Agége, ọ̀gá gbé ìgò tí a tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí wa sí lé mi lọ́wọ́, nínú apẹ̀rẹ̀ tí a fi òwú tẹ́. Mo gbé e ka itan. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá oògùn ni. Mo ní kòkòrò ni, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: erùpẹ̀, ooru, oníigun mẹ́rin, ìyá tí kò jẹ́ ká wọ́n tẹ̀tẹ̀. N kò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ l'Ábẹ́òkúta, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí òun tún wo ìgò náà lẹ́ẹ̀kan sí i.