Ògiri Tó Ń Kanlẹ̀kùn Lọ́sàn-án Gangan

Ní Yantala, àdúgbò kan ní Niamey, olú ìlú Niger, bí oṣù kẹrin ọdún bá ti wọlé, oòrùn kì í ràn mọ́, ńṣe ló ń jókòó. Á jókòó lé páànù, á jókòó lé ẹ̀yìn ewúrẹ́, á sì jókòó lé orí Àjọkẹ́ oníòrí, bí ẹni pé òun ló ra ìjókòó. Tó bá di ọ̀sán gangan, àdúgbò á pa lọ́lọ́. Ajá ò ní gbó, ọmọdé ò ní sunkún. Àsìkò yẹn gan-an ni ògiri inú yàrá ẹ̀yìnkùlé, tí Àjọkẹ́ ti tì pa láti ọdún mẹ́ta, á bẹ̀rẹ̀.

Kó.

Á dákẹ́ díẹ̀. Kó. Á tún dákẹ́, bí ẹni tó ń retí èsì.

Àjọkẹ́ á fa gèlè bo etí méjèèjì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò sì dára. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ̀yin fúnra yín á ní kí ògiri máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e ní ìyàwó wá sí Niamey, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, pẹ̀lú àpótí kan àti ẹnu tí kò ní ìdérí. Òrí ló ń tà. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀bẹ ló fi ń gé e fún oníbàárà. Lásìkò ooru, ìgbakọ ló fi ń bù ú, nítorí á ti yọ́ bí òróró. Ọwọ́ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ọjà fi ń sọ pé bí ó bá di ọkùnrin mú, á yọ̀ bọ́ ni. Irọ́ ni wọ́n pa. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló dì mú, Sànúsí, kò sì yọ̀ bọ́ fún ọdún mọ́kànlélógún.

Sànúsí ń tún fìrígò ṣe, bí wọ́n ṣe ń pe fíríìjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fìrígò ilé rẹ̀, aṣọ ni wọ́n ń kó sí i. Ó ní kí lòun fẹ́ fi fìrígò ṣe nígbà tí iná ń lọ bí àlejò tí kò jẹun tán? Lọ́dún kan tí ooru mú débi pé àbẹ́là tẹ̀ kọdọrọ lórí tábìlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án, ó pe ìyàwó rẹ̀ jókòó.

“Ìyá Fàtímà, bí o bá gbé yìnyín sínú oòrùn, ṣé á gbóná?”

“Á yọ́ ni.”

“Ṣé o rí i? Kò ráyè gbóná. Ooru tí ì bá fi gbóná, ó ti fi ń yọ́. Títí tí á fi yọ́ tán, bó ṣe tutù ló máa wà. Òrí rẹ náà ò yàtọ̀. Láàárọ̀, á ti dì gbagidi. Lọ́sàn-án, á máa mu ooru yàrá bí ẹni ń mu fùrá, á sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́, atẹ́gùn á gba ojú fèrèsé òkè wọlé, á gba ooru yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, á tún dì.”

“Òrí tí mò ń tà lo fẹ́ fi kọ́lé?”

“Èyí tó ti kan ni. Èyí tí àwọn oníbàárà rẹ ń yínmú sí.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣa agolo mílíìkì igba jọ, ó rọ òrí kíkan kún wọn, ó dé wọn pa, ó sì tò wọ́n sórí pákó láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ní ògiri kan nínú yàrá alámọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Bí òrí bá ti ń yọ́, á máa wú, á máa ti ìdérí agolo sókè: kó! Agolo kan á ké, òmíràn á dá a lóhùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀, ògiri á dákẹ́ di ọjọ́ kejì.

Yàrá náà sì tutù. Kì í ṣe bíi ti fìrígò o. Bí abẹ́ igi máńgòrò tó dí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti inú oòrùn bọ́ síbẹ̀, gbogbo irun ara rẹ̀ á dìde. Abdoulaye, aránṣọ òdìkejì ọ̀nà, wọ ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò pẹ́ tó jáde, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

“Màmá,” ó ní, “mo ti wọ irú yàrá báyìí rí. Ọjọ́ tí wọ́n ń wẹ òkú bàbá mi ni.”

Láti ọjọ́ náà, bó bá di ọ̀sán, á gba ọ̀nà jíjìn yípo kó má baà kọjá lábẹ́ fèrèsé wọn.

Sànúsí ní tirẹ̀ gbádùn ibẹ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn lọ́sàn-án. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan agolo lẹ́ẹ̀mẹta, Àjọkẹ́ á sì gbé omi wá. Bó bá gbé e dé, Sànúsí á di ojú bí ẹni tó ti sùn látàná.

“Èmi kọ́ ni mo kàn án o. Òrí rẹ ni.”

Á wá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ti ṣe èyí fún un tó ìgbà ogún, Àjọkẹ́ fi Ọlọ́run búra pé òun ò tún ní gbé omi fún agolo mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Sànúsí ti ṣọ́ọ̀bù bọ̀, ó ní àyà òun wúwo díẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Àjọkẹ́ ń fọ igbá lẹ́yìn ilé.

Kó, kó, kó.

“Òrí ni!” ó kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín. “Òrí kì í mu omi!”

Kó, kó, kó.

“Má yọ mí lẹ́nu, ọkọ agolo.”

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò pé. Ó kan ẹyọ kan, ó dúró.

Nígbà tí ó wọlé pé kó jí i fún ìrun alásárì, ọwọ́ Sànúsí ṣì wà lára pákó, òrùka rẹ̀ kan agolo. Ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ara agolo náà tutù bákan náà. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n á rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun gbọ́. Lẹ́yìn fìdáù ogójì ọjọ́, ó ti yàrá náà pa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ wọlé lọ ti fèrèsé òkè, bó ṣe wà ní ṣíṣí nìyẹn. Lóru, atẹ́gùn ń wọlé, òrí ń dì. Lọ́sàn-án, ó ń yọ́, ó ń kàn. Ọdún mẹ́ta gbáko, ògiri yẹn ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń mú yàrá tutù fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọdún kẹta ni Fàtímà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ilé ọkọ rẹ̀ ní Zinder dé pẹ̀lú oyún, kó lè wá bí àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá. Ìbò ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, àwòrán àwọn tó wọlé àti àwọn tó fìdí rẹmi ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín lára ògiri ìta. Niamey ni wọ́n ti bí Fàtímà, ilé ìwé Faransé ló lọ, ó sì máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń fi bàtà ẹlòmíràn rìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó gbọ́ ọ.

“Maman, ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Òrí ni.”

“Òrí máa ń kanlẹ̀kùn?”

“Èyí tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ máa ń kàn án.”

Fàtímà ò béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní ìhà ẹ̀yìnkùlé.

Ọkùnrin ló bí. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ẹnu ló ń pe Babátúndé, nítorí bàbá àgbà kú, ọkùnrin sì ni wọ́n bí tẹ̀ lé e. Fàtímà gbé ọmọ mọ́ àyà.

“Mi ò fẹ́. Ẹ pè é ní Gàníyù.”

“Kí ló ṣe Babátúndé?” ni Àjọkẹ́ bi í.

“Bí ẹ bá pe Babátúndé nínú ilé yìí, Maman, ẹni tó wà nínú yàrá yẹn á jẹ́ ẹ.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àjọkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wẹ̀yìn wò.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, iná lọ, kò sì dé. Páànù ilé ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yan. Gàníyù kékeré kọ́kọ́ sunkún, ó wá dẹ́kun ẹkún, ìyẹn ló burú. Kò mu ọmú mọ́. Ìlédìí tí wọ́n dì fún un láàárọ̀ ò tutù títí di ìrọ̀lẹ́, àwùjẹ̀ rẹ̀ sì rì wọnú bí ìdí ṣíbí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá wò ó, ó fún un ní omi díẹ̀díẹ̀, ó mi orí.

“Ooru ló ń gbẹ ọmọ yìí. Bẹ́ẹ̀dì wa kún, yàrá wa sì gbóná ju tiyín lọ. Ẹ wá ibi tó tutù fún un, kí ẹ máa fún ọmú sí i lẹ́nu lemọ́lemọ́. Bó bá tún lo ọ̀sán ọ̀la lábẹ́ páànù, mi ò lè ṣèlérí fún yín.”

Wọ́n gbé e padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fàtímà ń fi aṣọ tútù bo ọmọ, aṣọ náà ń gbẹ kó tó ká ọwọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ yàrá. Oòrùn wá jókòó.

Kó.

Àwọn méjèèjì wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan náà.

“Má ronú ẹ̀, Maman. Má ronú ẹ̀ rárá.”

“Ibẹ̀ nìkan ló tutù ní gbogbo àdúgbò yìí.”

“Mo mọ̀. Ṣé o ò ro ìdí ẹ̀? Ó ń pè é. Látìgbà tí mo ti bí i ló ti ń pè é!”

“Kì í ṣe ọmọ ló ń pè.” Ohùn Àjọkẹ́ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. “Èmi ni. Lọ́jọ́ tó kú, ó kàn án. Mo gbọ́, Fàtímà. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Mi ò lọ.”

Fàtímà wo ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu ọmọ là, kò sóhùn.

Kó.

Àwọn àgbà ti kìlọ̀ pé bí a bá gbọ́ ìpè lọ́sàn-án gangan tí a ò rí ẹni tó pè, a kì í jẹ́ ẹ. Àjọkẹ́ mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́ Fàtímà. Ó dìde.

“Mò ń bọ̀ o,” ó wí sókè. “Ọkọ mi, mò ń bọ̀.”

Àgádágodo ti dógùn-ún. Ó bu òrí sí i, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kẹta ó ṣí.

Òtútù ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òórùn òrí kíkan. Ẹní Sànúsí ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Igba agolo ń wò wọ́n. Fàtímà wọlé tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo etí ọmọ, ó sì jókòó sí ibi tó jìnnà jù sí ògiri. Kó, lápá òsì. Kó, lókè àjà. Kó, nísàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹni tí kò ṣeé rí ń rìn lára ògiri, tó ń fi ìka kàn án lọ.

Kò pẹ́, Gàníyù la ojú. Bí agolo bá ké, á yí orí síbẹ̀. Ó yí i sósì, ó yí i sókè. Lẹ́yìn náà ó yí i sí àyà ìyá rẹ̀, ó wá ọmú, ó mú un.

“Maman! Ó ń mu ún!”

“Rọra, má pariwo. Kó má lọ rántí pé inú ń bí òun.”

Ó mu, ó sùn, ó jí, ó tún mu. Nígbà tí aago méjì kọjá, Àjọkẹ́ gbà á kí Fàtímà lè sinmi díẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé itan ni ohun kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ gba ara ìró rẹ̀. Ọmọ ti tọ̀. Ó tọ̀ sí ìyá àgbà lára láti itan dé orúnkún, kò sì sí òróró olóòórùn dídùn kankan tí wọ́n tíì dà sí Àjọkẹ́ lára tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Ògiri ti dákẹ́. Fàtímà sùn, ọmọ sùn. Àjọkẹ́ ṣí ìdérí agolo kan, ó wò ó: òrí ti yọ́ kanlẹ̀, kò ku kóró. Ó ṣí èkejì. Bákan náà. Ó mọ̀ pé kò sí agolo tó kù láti ké mọ́, di ọ̀la.

Kó, kó, kó.

Lọ́gbọọgba. Láti orí pákó tí ọwọ́ Sànúsí wà lọ́jọ́ náà.

Àjọkẹ́ ò sá. Ó tẹ́ ọmọ ti ìyá rẹ̀, ó jáde, ó bu omi àmù sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e wá sórí pákó náà, sáàárín agolo méjì.

Fàtímà la ojú díẹ̀. “Ta lo gbé omi fún?”

“Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Sùn.”

Láàárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́yìn ìrun àsúbà, ó padà wọlé. Atẹ́gùn tútù ń gba ojú fèrèsé òkè wọlé, òrí ti dì nínú agolo. Kọ́ọ̀pù wà níbi tí ó gbé e sí. Omi inú rẹ̀ ò dín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e, ara kọ́ọ̀pù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ti dì í mú lọ́wọ́ mọ́jú. Sànúsí ti sọ fún un rí pé ooru ọ̀sán ni òrí ń dá padà bó bá ń dì lálẹ́. Ó rántí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí kọ́ọ̀pù náà ká síbẹ̀, ó dúró títí ó fi tutù, ó sì mu omi náà tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí ògiri tó kàn rárá, ó ti gbé omi wọlé.