Páálí Tí Mo Ṣe fún Bàbá Mi

Èmi ni mo gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ bàbá mi kò lè tó. Mi ò ní purọ́ mọ́ èṣù, ìbínú ni.

Alápatà ni wọ́n ní Oko Ọba. Ohùn wọn máa ń borí igbe màlúù, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá wọn dùbúlẹ̀ nínú yàrá wa l'Ágége, tí ohùn náà sì lọ. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún mi ní ọsibítù pé ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tó ń gbẹnu sọ fún irú wọn. Mo bèèrè iye tó jẹ́. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, lọ fi páálí ṣe é."

Iléeṣẹ́ páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, ìyẹn ò wọ́n mi. Mo gé àwòrán lára kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Èyí tí mi ò rí, mo yà á. Omi, oúnjẹ, oògùn, póò. Gbogbo ohun tí mo rò pé aláìsàn lè bèèrè ló wà níbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ o: wọ́n á fi ọwọ́ kan tí kò rọ na ìka sí àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí mo kí wọn, wọ́n á na ìka sí omi. Màá bu omi wá, wọ́n á pa ẹnu dé. Wọ́n á tún na ìka sí i. Lọ́jọ́ kan wọ́n ti ife náà sí mi láyà, omi dà sí mi lára. Mo pariwo, "Bàbá, ṣebí omi lẹ ní ẹ fẹ́!" Wọ́n kàn ń wò mí. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé páálí náà sókè.

Ibẹ̀ ló wà títí àbúrò wọn obìnrin fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ní kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, bàbá mi na ìka sí omi.

"Ẹ ò rí i? Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," mo ní.

Àbúrò wọn kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Òùngbẹ ti ń gbẹ mí láti ọ̀nà." Wọ́n dìde, wọ́n bu omi, wọ́n mu ún. Bàbá mi fi ìlàjì ẹnu tó kù fún wọn rẹ́rìn-ín.

Àbúrò wọn yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò di ahun! Ta ló ti òde dé rí tí bàbá rẹ ò fún lómi?"

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà lọ́sẹ̀ yẹn. Tí mo bá dé láàárọ̀, bàbá mi ṣì ń sùn. Kí n tó padà sí iṣẹ́ ọ̀sán, àrùn náà tún kọlù wọ́n, ọwọ́ tó kù náà rọ.

Ní báyìí, tí mo bá wọlé, mo máa ń mu omi níwájú wọn, màá ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Àjà ni wọ́n ń wò. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́. Ọpẹ́ omi gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ṣì wà lọ́rùn mi.