Ilé Oko Tàbí Ilé Ọkọ

Mo ti ka ìwé ìtàn mẹ́ta láàárín oṣù yìí, ara mi ṣì ń yá gágá. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí ìwé bá dùn mọ́ mi, mi ò lè dá a gbé mì. Àfi kí n rí ẹni tí mo máa kà á fún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ló kó sí mi lọ́wọ́.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá mi tán nílùú wa ní Òkè-Ògùn ni mo mú ìyá mi wá sí yàrá méjì tí mo háyà ní Èjìgbò. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dúró tì mí pátápátá. Ohun tí àwọn fẹ́ ni kí wọ́n padà sílé, ilé tí kò sí ẹnì kankan mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí ní ọjọ́ tí mo máa mú wọn dé gáréèjì, èmi náà sì ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ìwé ni mo wá fi dá wọn dúró.

Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Òṣòdì. Tí mo bá ti ṣíwọ́, màá yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Tí ìyá mi bá kírun Aláásárì tán, màá gbé àga síta, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn ò mọ ìwé Yorùbá kà; kéwú nìkan ni wọ́n kọ́.

Ìwé àkọ́kọ́ dá lórí ọmọ olówó kan tí wọ́n jí gbé. Mo ń kánjú ṣí ewé. Ọ̀rẹ́ bàbá ọmọ náà wọlé, ó ń wa ẹkún mu, ni ìyá mi bá ní, “Ẹni tó ń sunkún ju ìyá ọmọ lọ yẹn, kí wọ́n mú un.” Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ìwé ti fẹ́ẹ̀ parí kí ọlọ́pàá tó mọ ohun tí ìyá mi ti mọ̀. Inú bí mi, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Èkejì jẹ́ ti ìfẹ́. Òǹkọ̀wé yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó kàn mọ̀ ọ́n sọ jù ni: odindi ojú ewé ló fi ń sọ̀rọ̀ òjò. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ìyá mi á sùn. Tí àwọn èèyàn inú ìwé bá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á lajú. Nígbà tó yá, mo ń fo òjò. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò dárúkọ gáréèjì rárá, èmi náà ti ń wo bẹ́ẹ̀dì tí mo máa rà fún wọn.

Ẹ̀kẹta ló wá dà wá rú. Ẹni tó tẹ ìwé náà ò fi àmì kankan sí i, lókè tàbí nísàlẹ̀. Lójú ewé àkọ́kọ́, mo kà á pé obìnrin kan gbé igba karí. Ìyá mi ní igba kí ni, igba iṣu àbí igba àgbàdo? Mo tún un wò: igbá ni.

“Wọn ò fi àmì sí i ni?” ni wọ́n bi mí. “Kéwú tiwa ní àmì lókè, ó ní nísàlẹ̀. Ta ló wá fi Yorùbá sílẹ̀ níhòòhò báyìí?”

Àmọ́ ìtàn náà dùn kọjá sísọ. Opó kan ni, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin mú wá sí ìgboro, tó fún un ní yàrá, tó fún un ní tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, mo fẹ́ gbé ìwé yẹn sílẹ̀, ìyá mi ò gbà. Wọn ò sùn rárá. Bí mo ṣe ń kà á ló ń dùn mọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù ń bà mí.

Gbólóhùn tó parí ìwé náà rèé, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: O pada si ile oko re.

Èèyàn lè fojú lásán kà á kọjá, àmọ́ ẹni tó bá máa kà á sókè gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Mo mú èyí tó wù mí: “Ó padà sí ilé oko rẹ̀.”

“Ilé ọkọ rẹ̀ ni,” ni ìyá mi wí.

“Ilé oko ni, Màmá. Ó lọ wo ẹ̀gẹ́ tó gbìn, ó máa padà wá bá ọmọ rẹ̀.”

“Ọkọ ni.”

“Ọkọ rẹ̀ ti kú, Màmá. Ilé ọkọ wo ló tún kù?”

“Ọkọ ló kú, ilé ò kú.”

Mi ò gbà. Mo ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo ń wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ oko, mo ń rojọ́ bíi lọ́yà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, wọ́n wá gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

“Ó dáa. Tó bá jẹ́ oko, ó ti lọ. Tó bá jẹ́ ọkọ, ó ti lọ.”

Ìwé tó dùn mọ́ mi jù lọ́dún yìí ló gba ìyá mi lọ́wọ́ mi, ó sì dùn mí wọra.

Wọ́n ṣì ń wo ìwé náà lọ́wọ́ mi. “Ọmọ yẹn ńkọ́?” ni wọ́n bi mí. “Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ó ń lọ wò ó?”

Mo ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo fi ìka tọ ibi tó ṣófo náà, mo sì kà á sókè fún wọn pé, “Ó ń lọ wò ó lóṣooṣù, ó sì ń mú ìwé dání.”