Velko Kì Í Bá Ìyàwó Oníyàwó Jẹun

Gbogbo ìlú Sliven ní Bulgaria ló mọ ìtàn ìjà Hamburg. Velko ti gba góòlù Òlíńpíìkì, ó wá bọ́ sídìí ẹ̀ṣẹ́ olówó. Abala mẹ́ta ni wọ́n ń jà ní Òlíńpíìkì. Mẹ́jọ ni ti Hamburg. Bí aago òpin abala kẹta ti dún, Velko fi eyín tú okùn ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ kóòṣì ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́, ó tẹrí ba fún èrò, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Velko, níbo lò ń lọ?" Zapryan, kóòṣì rẹ̀, figbe ta.

"Mo fẹ́ lọ wẹ̀."

"Wẹ̀ kẹ̀? Ó ku abala márùn-ún, ìwọ òpònú yìí!"

Rẹfirí ti gbé ọwọ́ ẹnì kejì sókè.

Nígbà tó dé ilé, kò sẹ́ni tí kò bi í bóyá ó ti wẹ̀ tán. Stanka, ìyàwó rẹ̀, ló rẹ́rìn-ín jù, torí ojú ọkọ rẹ̀ kò wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dun Velko wọra. Ó ní òun á jà títí wọn ò fi ní rí òun fi ṣe ẹlẹ́yà mọ́. Ó ń jà, ó ń borí, ó sì ń gba ẹ̀ṣẹ́ sórí. Kò pẹ́ tó fi ń bu iyọ̀ sí kọfí.

"Velko, ó tó. Orí yẹn ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ bẹ́líìtì."

"Ìjà kan péré ló kù, Stanka."

Bó ṣe ń wí lọ́dọọdún nìyẹn, títí ọpọlọ rẹ̀ fi dàrú. Nígbà tó yá, ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó wo Stanka bí àlejò.

"Màdáàmù, ọbẹ̀ ẹ̀wà yín yìí dùn o. Ṣé ẹ lọ́kọ?"

Stanka rò pé àwàdà ni. "Mo lọ́kọ. Ó wà nílé."

Velko ju ṣíbí sílẹ̀, ojú tì í. "Ẹ má bínú. Èmi kì í bá ìyàwó oníyàwó jẹun." Ó mú fìlà, ó sì fi sálúbàtà jáde sínú yìnyín.

Stanka sáré bá a, ó fà á títí. Ta ní lè fa abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò?

"Ẹ padà sílé, màdáàmù, kí ọkọ yín má bàa rí wa."

Omi lé ròrò sí Stanka lójú. "Ọkọ mi ti kú."

Velko ṣí fìlà. "Ó mà ṣe o. Ṣé èèyàn dáadáa ni?"

"Olóríkunkun ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n sìn yín délé nígbà náà."

Láti ọjọ́ yẹn, ojoojúmọ́ ni Stanka ń pa ọkọ rẹ̀ lẹ́nu kó tó lè rí i bọ́. Àárọ̀ tí Velko kú lóòótọ́, aládùúgbò kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè rẹ̀. Stanka lanu láti sọ pé ọkọ òun ti kú, gbólóhùn tó ti mọ́ ọn lára. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.