Ọjọ́ Tí Ọnárébù Fi Agbádá Sáré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi má bàa bẹ́! Èmi Sùlàímọ́nù, ọmọ Ṣakí, dẹ́rẹ́bà Ọnárébù Ọlátúndé, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa mọ́tò ní Àbújá yìí, ṣùgbọ́n n ò tíì rí irú Tọ́sìdeè tó kọjá yẹn rí.

Ẹ wo bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Láti Túsìdeè ni ọ̀gá mi ti ń wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin. Bí wọ́n bá ti jókòó, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa dìde. Tó bá wá di Tọ́sìdeè, bí wọ́n bá ti gbé ọ̀pá àṣẹ Ilé kúrò nílẹ̀ báyìí, tí ìjókòó parí, ó di pápákọ̀ òfuurufú, ó di Ìbàdàn, torí àwọn tó dìbò fún un ń retí rẹ̀ nílé. Bó bá fi máa padà dé lálẹ́ Mọ́ńdeè, Olúwadémiládé ọmọ rẹ̀ ti sùn. Èmi ni mo máa ń bá ìyàwó ọ̀gá mi lọ sí ìpàdé òbí nílé-ìwé ọmọ náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìdíje eré ìdárayá ni. Àwọn bàbá máa sáré, Démiládé sì ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Mo ní hẹ̀n, ìlérí olóṣèlú! Inú mi ni mo ti sọ ọ́ o.

Ọjọ́ pé. Àwa dẹ́rẹ́bà wà níbi ìgbọ́kọ̀sí, à ń fi fóònù wo ìjókòó wọn. Àríyànjiyàn lórí àríyànjiyàn! Ọnárébù kan dìde, kò fẹ́ jókòó mọ́. Mo pariwo mọ́ fóònù pé, "Bàbá, ẹ dákẹ́ nítorí Ọlọ́run!" Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ni Mọ́mì Démiládé bá pè láti ilé-ìwé pé eré àwọn bàbá ló kàn.

Kò pẹ́ tí wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ ni ọ̀gá mi yọ, ó ká agbádá mọ́ apá, ó ń sáré bọ̀. "Sùlè, ó di ilé-ìwé Démiládé ní Life Camp! Gbàgbé pápákọ̀!" Kai! Mo tẹ iná. A kọjá Bẹ́gà, a kọjá Jabi, ọ̀gá mi ń kígbe lẹ́yìn pé kí n má dúró.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn bàbá ti tò sórí ìlà. Àǹtí Jemimah, tíṣà Démiládé, rí wa, ó nawọ́ sí mi. "Dádì Démiládé, ẹ tètè máa bọ̀!"

Ojú tì mí, bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọ̀ ọ́. Ọ̀gá mi wò mí, ó wo tíṣà. Kò bínú. Ó rọra ní, "Àǹtí, èmi ni bàbá rẹ̀." Ó bọ́ bàtà, kò ráyè bọ́ agbádá. Fèrè dún.

Ha, ẹ̀yin èèyàn! Atẹ́gùn kó sí agbádá, fìlà já bọ́, ọ̀gá mi ń lọ! Èmi náà ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mò ń lọgun pé, "Ẹ sáré, ọ̀gá mi, ẹ sáré!" Òun ló gbẹ́yìn. Ó gbẹ́yìn pátápátá.

Kí ló kan Démiládé? Ó fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn, ó yíjú sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ké tòò: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Mo ní bàbá! Ẹ̀yin lẹ ní n ò ní!"

Ọ̀gá mi jókòó sórí koríko, ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún, àwọn ará Ìbàdàn ni. Ó nà án sí mi. "Sùlè, bá mi sọ fún wọn pé mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi."